Orogún Ìyàwó Mi Ń Mu Omi

Ìyàwó mi ní orogún. Ẹ má tíì pariwo, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Orogún náà ní táyà mẹ́rin, ojú rẹ̀ kan ń ṣẹ́jú bó bá tan iná, ó sì ti wà láyé kí èmi àti ìyàwó mi tó pàdé. Ọkọ̀ àlòkù ni. Èmi ni mo lọ rà á, èmi ni mò ń nà gbalaja sábẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, ìdí nìyẹn tí ìyàwó mi fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé orogún mi ti mumi?" ni yóò bi mí bí mo bá ti gbé jálá omi jáde láàárọ̀.

Kò kúkú parọ́ mọ́ ọn. Láràárọ̀ ni mò ń rọ omi sí rédíétọ̀, láràárọ̀ ni mo sì ń bá a tí ó ti lọ sílẹ̀. Bí a bá rìn jìnnà díẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń wọn ooru ẹ́ńjìnnì á dìde bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ, á rìn lọ sínú pupa, ẹ́ńjìnnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Káfíńtà ni mí. Bí òrùlé bá ń jò, fi mí sílẹ̀ fún wákàtí kan, màá fi ọwọ́ kan ojú ibẹ̀ gan-an. Ti ọkọ̀ yìí ju agbára mi lọ, ni mo bá pe mẹkáníìkì. Ó-Ti-Parí là ń pè é, torí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn bó bá ti pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Ó pààrọ̀ ìdérí rédíétọ̀: "Ó ti parí!" Ọkọ̀ hó lọ́jọ́ kejì. Ó pààrọ̀ rọ́bà méjì tí omi ń gbà: "Ó ti parí!" Ọkọ̀ hó kí òun alára tó délé.

Nígbà tó yá, ó gbé páálí ńlá kan wá, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ ọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀.

"Ibi tí omi bá kán sí lórí páálí yìí, ibẹ̀ náà ló ti ń jò," ó ní. "Ọkọ̀ lè purọ́ fún mi, ọkọ̀ lè purọ́ fún yín, kò lè purọ́ fún páálí."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwa méjèèjì kúnlẹ̀, a dorí kodò, a wo páálí. Ó gbẹ. Èèrà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀.

Ó-Ti-Parí wò mí títí. "Ọ̀gá káfíńtà, ṣé ó dá yín lójú pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ń mu omi yìí?"

Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, ìbá sàn. Ṣùgbọ́n Màmá, ìyá ìyàwó mi, ti wà lọ́dọ̀ wa láti oṣù mẹ́ta, ojú sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìjókòó iwájú ni tirẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí a bá ti rìn díẹ̀, á máa fi ọwọ́ pa ojú: "Àna mi, kùrukùru náà ti tún dé o." Gíláàsì apá ọ̀dọ̀ tèmi náà máa ń ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ní àkísà lọ́wọ́, mo kàn ń nù ún. Èémí wa ni mo pè é. Ilé ìwòsàn ojú wá dá ọjọ́ fún Màmá: Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, ìyàwó mi lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ara fíríìjì. Nọ́ńbà fóònù ló wà níbẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Onírin ni. Ẹni tó ń ra ọkọ̀ tó ti kú, tó ń tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Lọ́jọ́bọ̀, orogún mi ló máa gbé ìyá mi lọ. Bó bá hó lọ́nà, ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ náà gan-an ni onírin máa wọ́ ọ lọ."

"Ìyàwó mi àtàtà..."

"Bàbá ilé yìí. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

N kò lè sùn. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ igi ṣe ìdìmú ìlẹ̀kùn fún ọkọ̀, ẹ máa sọ fún un pé irin lásán ni?

Ó ku nǹkan kan tí n kò sọ fún ẹ̀dá alààyè. Kápẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Màmá máa ń tutù rinrin. Lójoojúmọ́. Màmá ní ìgò omi ńlá kan tí kì í fi sílẹ̀, mo sì gbà pé ìdérí rẹ̀ ni kò dé dáadáa. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tí mo ro nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n sọ ọ́, ìyá ìyàwó ẹni ni. Ta ló fẹ́ la ẹnu bi àna rẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ló ń jáde lára yín?" Nítorí náà, ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, mò ń yọ kápẹ́ẹ̀tì yẹn ní kọ̀rọ̀, mò ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mò ń sá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń dá a padà, mo sì ń fín lọ́fínńdà sí i. Bí Ó-Ti-Parí bá fi máa dé, inú ọkọ̀ ti gbẹ bíi bisikíìtì, ó ń ta sánsán bí ìyàwó tuntun. Ọmọlúàbí ni mí, kò sírú mi.

Ọjọ́bọ̀ dé. Màmá jókòó síwájú, òun àti ìgò omi rẹ̀. Ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn, fóònù lọ́wọ́, nọ́ńbà onírin lójú fóònù. A rìn dé ìdajì ọ̀nà. Abẹ́rẹ́ dìde.

"Kí ni ẹ ń wò níwájú yẹn?" ìyàwó mi bi mí.

"Aago ni."

"Aago ọkọ̀ yìí ti kú láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á."

Mo pe Ó-Ti-Parí, mo gbé fóònù sórí itan. Ó pariwo láti inú fóònù: "Ẹ tan híítà! Ẹ ṣí i dé òpin! Á fa ooru kúrò lára ẹ́ńjìnnì, á kó o wá sínú ọkọ̀. Ẹ máa làágùn, ṣùgbọ́n ẹ máa débẹ̀!"

Mo ṣí i dé òpin.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkòkò tó ń hó ni dáṣíbọ́ọ̀dù dà. Gbogbo ihò rẹ̀ ń tu èéfín omi, inú ọkọ̀ funfun báláú.

"Yéè! Ojú mi ti lọ!" Màmá ké. "Ó ti lọ pátápátá!"

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sẹ́ni tó ń ríran níbí!"

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ ńkọ́?" ìyàwó mi pariwo.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ fọ́jú!"

Mo yọ orí síta lójú fèrèsé, mò ń wakọ̀ bọ̀ bí ewúrẹ́ tó yọrí lágbàlá. Báyìí ni a ṣe wọ géètì ilé ìwòsàn. Ẹ̀ṣọ́ géètì rò pé mò ń kí òun ni, ó kí mi padà. Ọkọ̀ hó wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀, ó sì dákẹ́.

"Ó hó àbí kò hó?"

"Ó kàn gbóná díẹ̀..."

"Ó hó àbí kò hó?"

"Ó hó."

Ìyàwó mi tẹ fóònù. "Onírin, ẹ máa bọ̀." Ó mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n wọlé. Mo dúró ti ọkọ̀, mo gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni tó wá kí aláìsàn.

Ó-Ti-Parí, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, gun alùpùpù dé. Ó ní a ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rédíétọ̀ títí yóò fi tutù, torí náà ó ṣí ìlẹ̀kùn apá Màmá kó lè jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kápẹ́ẹ̀tì. Ó fọwọ́ kàn án. Ó fi àtàńpàkò ra ìka.

"Ọ̀gá, kí lèyí?"

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀. Ti Màmá ni. Ìgò omi... àbí... ṣẹ́ ẹ mọ̀ pé àgbà ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká bò wọ́n láṣìírí."

Ó na ìka sí mi lójú. "Omi inú ìgò ló ń yọ̀ bí ọ̀rá báyìí? Òun ló ní àwọ̀ ewé bí oògùn tí mo pò mọ́ omi rédíétọ̀? Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Oṣù mẹ́ta."

"Kí lẹ wá ń ṣe sí i?"

"Mò ń fọ̀ ọ́, mò ń sá a, mò ń fín lọ́fínńdà sí i."

Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Rédíétọ̀ kékeré kan wà fún híítà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù. Òun ló ń jò sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn! Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń wá olè, ẹ̀yin lẹ ń bá olè nu ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ nù!"

Ó yọ rọ́bà méjì tó ń gbé omi lọ síbẹ̀, ó fi páìpù kékeré kan so wọ́n pọ̀ mọ́ra kí omi má baà débẹ̀ mọ́, ó rọ omi kún rédíétọ̀ ńlá. Ibi tó ti ń nu ọwọ́ ni Màmá àti ìyàwó mi ti jáde. Màmá ń rẹ́rìn-ín.

"Mo ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri, mo ka orúkọ ẹni tó tẹ̀ ẹ́ jáde nísàlẹ̀. Dókítà ní kí ni mo wá ṣe? Ó ní níbo ni kùrukùru ti ń bò mí? Mo ní nínú ọkọ̀ ni. Ó ní ká gbé ọkọ̀ lọ fún àyẹ̀wò."

Ìtìjú mú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀, mo jẹ́wọ́ kápẹ́ẹ̀tì látòkè délẹ̀. Màmá la ẹnu sílẹ̀.

"Háà! Òórùn dídùn tó ń jáde níwájú mi yẹn? Àna mi, mo rò pé ẹ ń mu ọtí nínú ọkọ̀ ni, tí ẹ ń fi lọ́fínńdà bò ó. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé ọmọ mi á dàrú. Mo dákẹ́."

Ìyàwó mi wo ìyá rẹ̀, ó wò mí. "Oṣù mẹ́ta ni ẹ fi ń bọ̀wọ̀ fún ara yín, ọkọ̀ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi pa."

Ìgbà náà ni onírin dé, ṣéènì lọ́wọ́. Ó rìn yí ọkọ̀ ká, ó yínmú. "Mà, mo ti tẹ èyí tó dáa ju eléyìí lọ pẹlẹbẹ."

Ìyàwó mi kọjú sí i. "Bàbá, ẹ má bú orogún mi o! Ta ló ní ká tà á? Ẹ máa lọ."

Mo fò sókè, mo fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó na ọwọ́ sí mi: "Kọ́kọ́rọ́."

"Kọ́kọ́rọ́ kẹ̀?"

"Ẹni tó ń bá ọkọ̀ pa àṣírí mọ́ kò lè wà á mọ́. Sẹ́yìn."

Ó-Ti-Parí pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Gbogbo wa dúró dè é. Ó ní, "Ẹ ṣì máa wo abẹ́rẹ́ yẹn o."

Ìyàwó mi wà á. Abẹ́rẹ́ dúró sí àárín, kò mira. Gíláàsì mọ́ kedere, Màmá ń ka gbogbo pátákó ẹ̀gbẹ́ títì sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ti gbé ìgò omi rẹ̀ fún mi pé kí n bá òun dì í mú. Nígbà tí a fi máa dé kọ́nà ilé, mo rí i pé ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa lóòótọ́. Ṣòkòtò mi tutù láti ìgbáròkó dé orúnkún.

Màmá bojú wẹ̀yìn, ó tún yára kọjú síwájú. Ó na àkísà sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ìjókòó.

Dókítà náà kò kúkú parọ́. Ojú Màmá dáa.