Ọwọ́ Tó Dúró Lórí Ẹ̀gúsí

Orí àjà Ìyá Àgbà ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò náà, orí àjà tí à ń kó àgbàdo sí lókè ààrò. Bí wọ́n ṣe gbé ogójì àga ìkọ̀wé gba ẹnu ihò tó jẹ́ pé agbọ̀n kan ṣoṣo ló ń gbà á kọjá, n kò mọ̀. Lójú àlá, ènìyàn kì í béèrè ọ̀nà. Èéfín funfun bo gbogbo ibẹ̀ bí ìkùukùu àárọ̀ ọyẹ́, ìdì àgbàdo so rọ̀ lókè orí wa, wọ́n ń mì jẹ́jẹ́.

Adìẹ ni gbogbo àwọn tí a jọ ń ṣe ìdánwò. Wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ, oníkálukú so táì ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ́rùn, wọ́n ń fi èékánná kọ̀wé wàràwàrà. Èyí tó jókòó síwájú mi, adìẹ òpìpì tí a pa jẹ nígbà Kérésì ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Èmi ni mo jẹ itan rẹ̀. Bí mo ṣe na ọrùn díẹ̀ kí n wo ohun tó kọ, ó fi ìwọ̀nba ìyẹ́ tó ní bo ìwé rẹ̀, ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Òótọ́ sì ni.

Ìwé tèmi funfun báláú.

Ènìyàn kì í dédé gun àjà; nǹkan ló ń lé e. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ti àṣejáde ló ń lé èmi. Ọjọ́ kejì àlá yìí ni mo máa ṣe é, ìgbà kẹta mi sì ni. Gbogbo iṣẹ́ yòókù ni mo ti yege. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ní àwọn máa gbà mí, kìkì bí mo bá mú Gẹ̀ẹ́sì wá. Bàbá mi sì ti ní bí mo bá tún fìdí rẹmi, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣe bíríkìlà ni mo ń lọ, kí n lọ máa po sìmẹ́ńtì.

"Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n," ni bàbá mi wí. "Àdìgún, ìwọ lo jìn, ìwọ náà lo tún padà lọ jìn. Ta wá lo fẹ́ kọ́ lọ́gbọ́n?"

Ọ̀gá Olúfadé, tíṣà wa, ti sọ fún mi tipẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ló ń bá mi jà, lẹ́tà ni. Òótọ́ ló sọ. Nígbà náà, gbogbo wa la ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n kọ lẹ́tà ogún sínú rẹ̀, à ń há a sórí bí ẹni ń há oríkì. Lẹ́tà keje ni mo yàn láàyò: lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n ẹni, nípa ìgbéyàwó kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo mọ̀ ọ́n débi pé mo lè kà á látẹ̀yìn. Lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n ní ká kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ wa nípa àìsàn tó wọ ìlú. Mo mú wọn lọ sí ìgbéyàwó Lọ́ńdọ̀nù, mo ní ibẹ̀ ni ọkọ ìyàwó ti bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Lọ́dún kejì, wọ́n ní ká ròyìn iná tó jó ilé-ẹ̀kọ́. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀hún ni wọ́n ti ń ṣe ìgbéyàwó náà lọ́wọ́. Kí ni mo wá ṣe lọ́dún kẹta, lẹ́yìn tí ojú mi ti rí tó báyìí? Mo tún lẹ́tà keje há.

Bí mo ṣe jókòó láàárín àwọn adìẹ, mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àkàbà. Mo mọ ẹsẹ̀ náà. Ọdún méjì ti kọjá tí a ti sin ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n bí ó ṣe máa ń sinmi lórí ìgbésẹ̀ kẹta, tó máa ń bú àkàbà díẹ̀ kó tó gùn ún yòókù, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe.

Ìyá Àgbà ni, ìyá tó bí bàbá mi. Àdìrẹ rẹ̀ tó ti ṣá ló ró. Aago ńlá wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ẹni tí kò ní aago rí láyé. Òun ni alábòójútó ìdánwò wa. Ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí dání, ó wá sí ẹ̀gbẹ́ àga mi, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o, èèpo rẹ̀ ń dún. Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́.

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí àjà. "Ìyá Àgbà, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Dìde, Àdìgún, má fi èéfín ra aṣọ. Gba, bó díẹ̀ nínú rẹ̀."

Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ta ni kò mọ̀ pé a kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ, lójú àlá?

Ó rẹ́rìn-ín, mo rí àlàfo eyín rẹ̀. "Ọ̀lẹ! Mi ò ní kí o jẹ ẹ́, bó ni mo ní kí o bó o. Ó dáa, fi í lẹ̀. Ka lẹ́tà rẹ sí mi létí."

Ohun tí a jọ máa ń ṣe nìyẹn nígbà ayé rẹ̀. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀ sí Bàbá Kékeré, Ọládòkun, àbúrò bàbá mi tó wà ní Kùmásí. Yóò máa bó ẹ̀gúsí, èmi yóò máa ka ohun tí mo kọ sí i létí. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń lọ, ó túmọ̀ sí pé lẹ́tà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ọwọ́ bá ti dúró, yóò ní, "Ibẹ̀ gan-an ni. Pa ìyókù rẹ́."

Mo gbé ohùn sókè, mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà keje. "Inú mi dùn púpọ̀ láti fi ìwé yìí ránṣẹ́, mo sì lérò pé ara yín le koko. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ògo ni fún Ọlọ́run…"

Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́.

"Ìgbéyàwó náà lárinrin, ó tayọ ohun tí ẹnu lè sọ…"

Pẹ́. Pẹ́. "Kí ni wọ́n jẹ níbẹ̀?"

"Ìwé ò sọ, Ìyá Àgbà."

"Ta ni ìyàwó?"

"Ìwé ò sọ."

"Òjò ha rọ̀?"

"Yìnyín ni."

"Ó bà ọ́ lórí?"

"Mi ò sí níbẹ̀."

"Ìwọ ò sí níbẹ̀, o ò mọ ìyàwó, o ò mọ ọbẹ̀." Ó da èèpo ẹ̀gúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Òfófó tí kò ní ẹni tí à ń ṣe é nípa rẹ̀ nìyí. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó abọ́ yìí tán, Àdìgún. Ọwọ́ mi kò dúró lẹ́ẹ̀kan."

Adìẹ òpìpì kọ kẹ́kẹ́kẹ́. Mo mọ̀ pé èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín.

Ìyá Àgbà sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Nígbà tí òrùlé mi ń jò, lẹ́tà mẹ́ta lo kọ́kọ́ kọ láti inú orí tìrẹ, o ní òrùlé fẹ́ àtúnṣe. Kí ni Ọládòkun fi ránṣẹ́?"

"Ó ní ẹ kú ìfaradà."

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ńkọ́? Kí ni mo ní kí o kọ?"

"Ẹ ní kí n kọ ọ́ pé òjò ń rọ̀ sí yín lẹ́sẹ̀ òsì, torí pé abẹ́ ewúrẹ́ ni ẹ fi ẹsẹ̀ ọ̀tún sí."

"Kí ló wá dé?"

"Páànù dé, kí oṣù tó parí."

"Hẹn-ẹn." Ó wo aago rẹ̀, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. "Àkókò tó. Ẹ̀yin ọmọ adìẹ, ẹ gbé èékánná kúrò lórí ìwé."

Àwọn adìẹ dìde, wọ́n fi ìwé wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òpìpì ló kẹ́yìn. Ojú ìwé mẹ́ta ló kọ. Mo pariwo pé, "Ìyá Àgbà, ẹ dúró, mi ò tíì bẹ̀rẹ̀!" Èéfín sì bò ó, abọ́ nìkan ni mo ń gbọ́.

Pẹ́. Pẹ́. Pẹ́.

Mo lajú. Ọ̀sán gangan ni, orí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni mo wà, ìwé pẹlẹbẹ náà bò mí lójú. Ìyá mi ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú abọ́ ẹ̀gúsí.

"Ta lò ń pariwo mọ́?" ni ó bi mí.

"Ìyá Àgbà ni mo rí."

Ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí. "Ṣé o jẹ nǹkan lọ́wọ́ wọn?"

"Rárá. Ẹ̀gúsí ni wọ́n ní kí n bó."

"Háà! Wọn ò yí padà," ni ìyá mi wí, ó sì mí kanlẹ̀. "Fún mi ní ìwé yẹn, kí n fi kó èèpo."

Lọ́jọ́ mìíràn, ǹ bá kígbe. Ọjọ́ yẹn, mo nà á sí i. Mo fa bébà kan yọ, mo dojú bolẹ̀ lórí ẹní, mo sì kọ lẹ́tà sí Bàbá Kékeré ní Kùmásí, ẹni tí kò lè wá sí ìsìnkú ìyá rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì tíì sọ fún un bó ṣe rí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́. N kò wá ọ̀rọ̀ lọ síbì kankan. Ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀.

"Kí lò ń kọ wàràwàrà báyìí? Kà á kí n gbọ́," ni ìyá mi wí.

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un bí mo ṣe ń kà á. Mo kí Bàbá Kékeré. Pẹ́. Pẹ́. Mo sọ iye ènìyàn tó wá. Pẹ́. Pẹ́. Mo sọ pé òjò dé bí wọ́n ṣe ń bo sàréè, gbogbo wa sì sá wọ abẹ́ páànù tí ó fi ránṣẹ́, ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ nìkan ni kò sá. Ó dúró sínú òjò létí sàréè, lọ́gangan ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Àgbà, ó ń wò wá.

Mo gbé ojú sókè, torí pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti dákẹ́.

Ẹ̀gúsí kan wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìyá mi, èèpo rẹ̀ ti là, kò sì bó o.