Téèpù Dúdú Lórí Iná Pupa

Adánìkanyà ni wọ́n ń pè é. Òun ní í gbé kámẹ́rà, òun ní í to iná, òun ní í so máìkì mọ́ni lọ́rùn ẹ̀wù, òun náà ní í jókòó ti kọ̀ǹpútà gé fídíò. Tí ẹ bá ní kó wá ẹnì kejì, á ní kò wúlò, ẹnì kejì á kàn máa sọ̀rọ̀ ni. Yàrá kan tó kún fún wáyà ló ń gbé, àwọn ọjọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ohùn ẹni tó ń gé lọ́wọ́ nìkan ló máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ẹni tó bá ń dá ṣiṣẹ́ ní láti gbọ́n, ọkùnrin yìí sì gbọ́n débi tí ọgbọ́n fi fẹ́ẹ́ pọ̀ jù fún un. Bátìrì mẹ́ta ló ń gbé jáde. Kì í pa ohun tó wà nínú káàdì rẹ́ àyàfi tó bá ti dà á síbi méjì. Ó tún rí i pé iná pupa tó ń tàn níwájú kámẹ́rà máa ń já àwọn èèyàn láyà, wọn á wá le gbagidi bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Ló bá fi téèpù dúdú bò ó. Ó ra rìmóòtù kékeré sápò: tó bá tẹ̀ ẹ́, kámẹ́rà á bẹ̀rẹ̀, tó bá tún un tẹ̀, á dúró. Àlejò ò ní mọ̀gbà tó ń tẹ̀ ẹ́.

Obìnrin kan pè é láti òkè òkun. Wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún bàbá rẹ̀ lọ́fun, dókítà sì ti ní bàbá ò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ohùn bàbá mi sílẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Bàbá náà, awakọ̀ ojú irin tó ti fẹ̀yìn tì, ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Adánìkanyà to iná, ó fi íápíìsì sétí, ohùn ń wọlé ketekete. Ó tẹ rìmóòtù. Bàbá kà á tán, Adánìkanyà tún rìmóòtù tẹ̀, ó dìde lọ gbé iná sún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni bàbá kà á, kí wọ́n lè mú èyí tó dáa jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ tán, ó ṣí fídíò. Àga lásán ló kọ́kọ́ rí. Bàbá wá jókòó, ó tú ìwé rẹ̀, fídíò sì dúró. Èyí tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ níbi tí bàbá ti ń ká ìwé. Ìgbà yẹn ló tó yé e. Níbi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó ń fa wáyà, rìmóòtù ti tẹ ara rẹ̀ nínú àpò. Látìgbà náà, ìgbà tó rò pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, ó dúró ni. Ìgbà tó rò pé ó dúró, ó ń ṣiṣẹ́. Iná pupa ì bá ta á lólobó, òun fúnra rẹ̀ ló bò ó lójú.

Ohun tó wà níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ nígbà ìsinmi.

"Tọ́mọ yìí wà ní kékeré, ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin kó lè juwọ́ sí mi. Mi ò lè juwọ́ padà, ọ̀gá wa ò gbà. Mo máa ń fọn fèrè ọkọ̀ ni. Ó lè máa rò pé gbogbo èèyàn ni mo ń fọn ọ́n fún."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà," lohùn Adánìkanyà dáhùn. "Ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè díẹ̀."

"Ìwọ náà ńkọ́? Ta ló ń retí ẹ nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

Ojú ti Adánìkanyà gan-an. Ó kọ́kọ́ fẹ́ purọ́ pé káàdì ló bàjẹ́, àmọ́ nígbà tó pe obìnrin náà, òótọ́ ló sọ.

"Nǹkan kan ṣoṣo ni mo ní kẹ́ ẹ bá mi ṣe," obìnrin náà wí, ó sì pa fóònù.

Adánìkanyà fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, kò gé ohunkóhun kúrò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin náà pè é padà, ẹkún sì wà lóhùn rẹ̀.

"Mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń fọn fèrè yẹn fún." Ó tún ní, "Ẹ má bínú o, àmọ́ bàbá mi bi yín ní nǹkan, ẹ ò dá wọn lóhùn. Wọn ò sì lè bi yín mọ́."

Adánìkanyà ò gbé kámẹ́rà lọ́jọ́ náà. Ó bá bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, báńdéèjì yí ọrùn rẹ̀ ká. Ó fa àga, ó jókòó, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ẹ bi mí pé ta ló ń retí mi nílé," ló wá sọ. "Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Ó ti pẹ́ tí ò ti sẹ́nì kankan."

Bàbá gbá a lọ́wọ́ mú, kò sì jẹ́ kó dìde.