Ẹ́ńjìnì Tí Kò Fẹ́ Kí Àna Dọ̀bálẹ̀

Koríko kì í ba Adélaní lẹ́rù. Láti Ìjù títí wọ inú Àkúrẹ́, òun ni wọ́n ń pè wá gé e. Nítorí náà, nígbà tí Ìbídùnní, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, sọ fún un pé ẹbí òun ń péjọ sílé bàbá òun ní Oǹdó láti wò ó bóyá ó tó ẹni tí wọ́n ń fọmọ fún, ṣe ló gbé ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ sínú mọ́tò.

"Má ṣèyọnu. Kí wọ́n tó jókòó, àgbàlá yín á ti mọ́ fée."

Koríko ibẹ̀ ti dé orúnkún. Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá ọ̀nà gba gbogbo afẹ́fẹ́, òórùn Oǹdó tí ẹni tó bá jìnnà sí i kì í gbàgbé.

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níbi tí wọ́n ti ń di ẹ̀rọ náà mú. Bọ́wọ́ bá ti kúrò lára irin yẹn, ẹ́ńjìnì kú nìyẹn. Àwọn tó ṣe é ní kó má baà gé èèyàn lẹ́sẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é kò ní àna ní Oǹdó!

Bó ṣe tan ẹ̀rọ báyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó wọlé. Adélaní dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ́ńjìnì kú. Ó fa okùn tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ títí apá fi ń ro ó, ó tún tàn. Àbúrò bàbá wọlé. Gbalaja! Ẹ́ńjìnì tún kú.

Bàbá Akíntóyè, bàbá Ìbídùnní, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ń wò ó láti fàráńdà.

"Ọmọ Àkúrẹ́, ṣé bí ẹ̀rọ tìrẹ ṣe máa ń sinmi nìyí?"

"Kò ní sinmi mọ́, sà."

Inú ń bí i. Ó fa rọ́bà tíúbù ọ̀kadà yọ nínú mọ́tò, ó so irin náà pinpin mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ.

Màmá Bímbọ́lá, àǹtí Ìbídùnní, ló wọlé tẹ̀ lé e. Adélaní nà gbalaja. Ẹ́ńjìnì kò kú. Àmọ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ fúnra rẹ̀, ó kọjú sí ẹsẹ̀ màmá.

"Yéè! Ó ń bọ̀ o!" Màmá fò sórí pèpéle. Adélaní sáré gbá ẹ̀rọ mú, ó já rọ́bà, ariwo dá.

"Ṣé bẹ́ ẹ ṣe ń kí àna ní 'ulé' yín nìyẹn? Ẹ óò máa fi ẹ̀rọ lé e?" ni màmá bi í látorí pèpéle, ó ń sín àwọn ará Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní 'ulé' jẹ.

Ìbídùnní fọwọ́ bojú. Adélaní rí i pé ìyàwó ti fẹ́ bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo so ó. Mi ò ní so ó mọ́."

Ó tún tan ẹ̀rọ. Kò tíì rìn jìnnà tí Bàbá Ọlábọ̀dé, olórí ẹbí fúnra rẹ̀, fi wọlé. Gbogbo ojú yí sí Adélaní. Ó fọwọ́ méjèèjì di irin náà mú, ó tẹrí ba, ó kígbe:

"Ẹ káàárọ̀ sà! Bí mo bá dọ̀bálẹ̀, ẹ̀rọ yìí á kú. Bí mo bá sì so ó, á gé yín lẹ́sẹ̀!"

Bàbá Ọlábọ̀dé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo Màmá Bímbọ́lá lórí pèpéle, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Mo ṣì nílò ẹsẹ̀ mi o. Parí iṣẹ́ ẹ. Tó o bá ṣe tán, wọlé wá dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan fún gbogbo wa, àna wa."

"Kó kọ́kọ́ gé apá ibí yìí," ni Màmá Bímbọ́lá wí, "kí n rí ibi sọ̀kalẹ̀ sí."