Àpótí Tó Ń Yadi Létí Odò

Ká ní àpótí náà kú pátápátá ni, ọkàn Títíladé ìbá balẹ̀. Ohun tó bá kú, èèyàn lè wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí á sọ̀rọ̀ lónìí, á yadi lọ́la, á tún jí lọ́túnla bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é.

Òpó kan létí odò ní Abà Ìdí-Ọsàn, l'Ọ̀nà-Àrà, ni wọ́n gbé e kọ́. Ó ń wọn omi odò, ó sì ń fi rédíò inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì àwọn Títíladé n'Ìbàdàn. Bí omi bá ń kún, ọ́fíìsì á pe àwọn tó ń ṣọ́ afárá ìsàlẹ̀ odò, wọ́n á sì dí ọ̀nà. Lọ́dún 1995, kí wọ́n tó gbé àpótí wá, omi ti gbé ọkọ̀ èrò kan lọ lórí afárá yẹn. Múyì, àbúrò Títíladé, wà nínú ọkọ̀ náà.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Títíladé ti tú àpótí náà wá sí ọ́fíìsì. Lórí tábìlì, ṣaka lara rẹ̀ ń dá. Tó bá ti padà sétí odò, wàhálà tún dé.

"Ishaq ni," Ọ̀gbẹ́ni Oyèkúnlé, ọ̀gá rẹ̀, sọ. "Ṣé kì í ṣe òun la ní kó máa ṣọ́ ọ? Ó ń yọ bátìrì lọ wo bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá l'Amẹ́ríkà. Lọ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Títíladé gun ọ̀kadà láti Àkànràn. Òjò ti ṣú lápá òkè odò. Ó bá Ishaq lójúde pẹ̀lú ìyá rẹ̀, Mùsílímátù, tó ń bẹ ẹ̀gẹ́. Ó jíṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Wàláì, mà, mi ò fọwọ́ kan bátìrì," Ishaq sọ.

Ìyá rẹ̀ ju ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ilé Sàníù ni wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ń tan. Ariwo ẹ̀ ò jẹ́ ká sùn! Ọmọ mi kọ́ lolè."

Títíladé ní kí Ishaq mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, Ishaq tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣí àpótí, ó rí gírísì tó fúnra rẹ̀ fi kun ẹnu bátìrì. Eruku ti bò ó, kò sí ojú ìka kankan lára rẹ̀. Ojú tì í.

"Ẹ má bínú," ó sọ.

Iná pupa kékeré inú àpótí ń tàn. Títíladé fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí, iná kú. Ó tún gbá a, iná tàn. Ó yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan nínú báàgì irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń fi kan àwọn nǹkan tó wà lórí bọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti fi òjé lẹ ẹsẹ̀ wáyà kan mọ́ bọ́ọ̀dù, iná ṣẹ́jú. Ó tẹjú mọ́ ọn. Òjé náà ti sán, tínrín bí irun orí. Bí oòrùn bá pa irin àpótí, ojú rẹ̀ á yà. Bí ara rẹ̀ bá tutù, á tún pàdé. Oòrùn ò sì dé ọ́fíìsì wọn.

"Ẹ bá mi fi irin yìí sínú iná ìdáná Ìyá," ó sọ, ó na irin tín-ín-rín kan sí Ishaq, "kí n fi yọ́ òjé yìí."

Ishaq gba irin, ó yíjú, ó sì dúró. "Mà, ẹ wo omi."

Odò ti pọ́n. Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń yí lójú rẹ̀. Òjò ti rọ̀ lókè. Oòrùn ṣì ń pa àpótí, iná rẹ̀ sì kú.

Kò sáàyè irin mọ́, fóònù ò sì gba nẹ́tíwọ́ọ̀kì létí odò. Títíladé fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tẹ òjé náà mọ́lẹ̀, iná tàn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ yẹ̀, iná kú. Ó fi ọwọ́ kejì dì í mú. Òjò bẹ̀rẹ̀, Ishaq bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó nà án bo àpótí.

"Ṣé wọ́n ń gbọ́ ọ n'Ìbàdàn?"

"Mi ò mọ̀. Ó ń ránṣẹ́ ni, kì í gbọ́ èsì."

Omi dé kókósẹ̀ wọn, ó dé orúnkún. "Ẹ jẹ́ á gòkè, mà, ẹ jọ̀ọ́!"

"Ó kù díẹ̀."

Nígbà tí omi fẹ́ gbé e lẹ́sẹ̀, Ishaq fà á lápá, wọ́n sáré gòkè. Títíladé ò dúró nu ara gbẹ. Ọ̀kadà ló gùn lọ sí afárá, tó ń yọ̀ nínú ẹrẹ̀, tó ń wo iwájú bí ẹni tí ẹ̀rù ohun tó máa rí ń bà.

Wọ́n ti gbé igi dábùú ọ̀nà. Ọkọ̀ tò rẹrẹ. Obìnrin kan ń bú àwọn tó ń ṣọ́ afárá pé wọ́n fẹ́ kí ẹ̀fọ́ òun bàjẹ́. Lẹ́yìn wọn, omi ti bo afárá mọ́lẹ̀. Títíladé jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì sunkún Múyì bí ẹni pé ọjọ́ náà ló kú.

Nígbà tí odò fà, ó padà lọ yọ́ òjé náà pọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ Ishaq títí. Oyèkúnlé ò bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kò dárúkọ bọ́ọ̀lù mọ́.

"Àpótí tó wà l'Akínyẹlé ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ó sọ fún Títíladé. "Kí lo tún ń wá lọ síbẹ̀?"

"Ibì kan náà ni wọ́n ti lẹ òjé àwọn méjèèjì, sà," Títíladé sọ, ó sì gbé báàgì irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká.