Lẹ́tà Tó Lẹ̀ Mọ́ Àwo Orin

Ojú Àyọ̀ká àti ojú ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí ṣe mẹ́rin láàrin èrò tó tó ọ̀ọ́dúnrún, nínú gbọ̀ngàn ijó kan nítòsí Manchester, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè. Gbogbo ayé ló ń jó. Wọ́n ti fọ́n páúdà sílẹ̀ kí bàtà lè máa yọ̀ geere, wọ́n ń pòòyì, wọ́n ń ju ẹsẹ̀ sókè. Àwọn méjì yìí nìkan ló dúró gbagidi. Ọkùnrin náà fẹ́ yà fún un, ló bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Kò mọ ìgbà tí Yorùbá jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ má bínú o," ló wí.

Àyọ̀ká fẹ́ dáhùn, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kọ̀ láti gbéra. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, èrò ti gbé ọkùnrin náà lọ. Ohun tó ṣẹ́kù fún un ò ju ojú bàtà tirẹ̀ tí páúdà ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ti sọ di funfun lọ. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni kò fi nù ún.

Ó wádìí títí ó fi mọ̀ pé Ìṣọ̀lá lorúkọ rẹ̀, pé Bradford ló ń gbé, àti pé kò sóhun tó fẹ́ràn láyé tó àwọn orin sóòlù àtijọ́ ti àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà. Kì í ṣe èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ o. Àwọn àwo kékeré tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà nígbà tí àwọn bàbá wa ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ ni, tí ẹnì kankan ò rà nígbà náà, tó wá wọ́n bí ojú lónìí. Ìwé pélébé kan kì í kúrò lápò Ìṣọ̀lá. Bó bá ti gbọ́ orin tí kò mọ̀, a tọ díjéè lọ, a rẹrìn-ín músẹ́, a béèrè orúkọ orin náà bí ẹni ń tọrọ omi mu.

Àyọ̀ká náà ní irú àwo bẹ́ẹ̀ kan. Inú páálí ìwé orin ìjọ ló ti rí i, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù, ó sì dá àwọn tó mọ̀ nípa orin lójú pé kò sí irú ẹ̀ mọ́ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn díjéè orin yìí ní àṣà kan. Tó o bá ní àwo tí ẹlòmíì ò ní, wàá fi bébà funfun lẹ ojú àárín rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ orúkọ sí, wàá sì fún orin náà lórúkọ irọ́, kí àwọn tó kù má baà lọ wá tiwọn. Lọ́jọ́ tí orúkọ gidi bá tú jáde, ògo rẹ parí. Àyọ̀ká ń pe tirẹ̀ ní "Ọ̀la Ni Mò Ń Bọ̀". Ọ̀la kọ́ lorúkọ rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń bọ̀ nínú orin náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ lẹ́tà sí Ìṣọ̀lá. Ó ń kọ, ó ń ya; ó ń sunkún díẹ̀, ó tún ń kọ. Èyí tó wá dúró ò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó fẹ́ fún un ni ọjọ́ náà gan-an tí òun fúnra rẹ̀ máa kọ́kọ́ ṣe díjéè ní gbọ̀ngàn yẹn, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré. Ó wọ bọ́ọ̀sì, ó gbé àpótí àwo lé itan, ó gbé orí lé àpótí, oorun sì gbé e lọ. Àlá tó lá nìyí, bó ṣe rò ó fún wa gẹ́lẹ́.

Bọ́ọ̀sì náà ò dúró níwájú gbọ̀ngàn. Ó wọlé tààrà, ó tò sí ìlà àwọn tó ń jó, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ̀ ẹ́, ó wá lọ jókòó létí ògiri. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àyọ̀ká sọ̀kalẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Ìṣọ̀lá ní òdìkejì, ó sì na ọwọ́ sínú báàgì láti mú lẹ́tà. Báàgì ṣófo. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kan péré ló wà níbẹ̀, ó sì ki Àyọ̀ká káàbọ̀.

"Ṣé lẹ́tà lò ń wá, ọmọ mi?"

Inú àpótí ni ohùn náà ti wá. Àwo orin rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ohùn ìyá àgbà tó ti pẹ́ lókè òkun.

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ẹ bá mi rí i ni?"

"Ó wà láyà mi níbí. Bébà tí mo fi ń bora ya láàárọ̀, o ń kánjú, o mú bébà tó sún mọ́ ọ jù, o da gọ́ọ̀mù sí i, o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi. Ibi tó o kọ̀wé sí lo dojú rẹ̀ kọ mí. Mo ti kà á. Ìlà kẹta dùn. Ní ìlà karùn-ún, o pariwo jù."

Àyọ̀ká dúpẹ́, ó ní òun máa mú ohùn ìlà karùn-ún wálẹ̀. Ó wá bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí òun ṣí lẹ́tà náà kúrò. Ìyá ní kó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò. Nígbà tó yíjú padà, gbogbo àwọn tó ń jó ti fi pẹ́ńsù há etí, wọ́n ń retí orúkọ tó wà lábẹ́ bébà. Bébà funfun lẹ̀ mọ́ àyà kálukú wọn náà, orúkọ irọ́ ló sì wà níbẹ̀. "Ọ̀gbẹ́ni Fìlà" ni wọ́n kọ sí ti Àyọ̀ká. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tó bá ti pe Ọ̀gbẹ́ni Fìlà, ó ń dá a lóhùn.

Wọ́n sọ fún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí àwo láìgba ìwé àṣẹ. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba àṣẹ náà ń léfòó lábẹ́ àjà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta tíì. Páúdà tó wà nílẹ̀ dìde, ó ṣu bí ìkuukùu, ó di àtẹ̀gùn, Àyọ̀ká sì gùn ún lọ. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta ló bá níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń fúnra rẹ̀ tẹ̀wé. Òyìnbó ni alága wọn, ṣùgbọ́n ó ń sọ Yorùbá bí ọmọ Ìjẹ̀bú.

"Ọ̀gbẹ́ni Fìlà, ta ló ni lẹ́tà náà?"

"Ìṣọ̀lá ni, sà."

"Ṣé Ìṣọ̀lá fẹ́ràn rẹ?"

"Mi ò mọ̀, sà. Ohun tí mo kọ lẹ́tà sí nìyẹn."

Alága ní ìdáhùn náà bófin mu. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù sílẹ̀, nítorí ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àyọ̀ká jó lórí rẹ̀ láti ìbéèrè kìíní dé ìkẹfà láìṣe àṣìṣe. Ní ìbéèrè keje, wọ́n ní kó ta òkìtì sẹ́yìn. Kò ta òkìtì rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ ó ta á, ó tún fi gìgísẹ̀ buwọ́ lù ú. Alága yìn ín pé ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Bó ṣe gbé òǹtẹ̀ sókè báyìí, ìwo yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n ṣù sí àgbọ̀n rẹ̀, ó di òbúkọ. Àwọn méjì tó kù wojú ara wọn, wọ́n tẹ̀ lé ọ̀gá wọn. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé alága ti di òbúkọ, pé ìpàdé ń tẹ̀ síwájú.

Ìwé àṣẹ ni wọ́n kọ́kọ́ jẹ. Wọ́n jẹ fáìlì tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ kàlẹ́ńdà, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń wo àyà ìyá.

"Má bínú," ni alága wí, ojú ń tì í díẹ̀. "Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bébà nìkan là ń jẹ."

Àyọ̀ká gbá àwo náà mọ́ra, ó sì bẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó bẹ́ sí kì í ṣe ilẹ̀ ijó mọ́. Ó ti di àwo dúdú ràgàjì, ó sì ń yí po nígbà márùndínláàádọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Etí kan ni Àyọ̀ká wà, Ìṣọ̀lá wà ní etí kejì. Àyọ̀ká sáré tọ̀ ọ́. Ìṣọ̀lá jẹ́ ọmọlúàbí, kò fẹ́ kí obìnrin nìkan máa sáré, lòun náà bá ń sáré lọ síwájú, bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn kò sì yí padà. Àwọn òbúkọ mẹ́ta ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Àǹtí," ni Ìṣọ̀lá ń ké láti òdìkejì, "ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ orin yìí?"

"Dúró ná, bùọ̀dá, mò ń gbé e bọ̀!"

"Ẹ máa rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀."

Abẹ́rẹ́ kan tó ga bí òpó iná sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, orin bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn débi pé àwọn òbúkọ dúró jó ẹsẹ kìíní. Ìyá wá sọ̀rọ̀ ní àyà Àyọ̀ká pé, "Ìwọ ọmọ yìí, kí lò ń sáré yípo sí? Wo abẹ́rẹ́. Àárín ló ń lọ." Àyọ̀ká dáwọ́ eré dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sí àárín, jẹ́jẹ́. Ìṣọ̀lá náà rí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n pàdé níbi tí orin ti fẹ́ parí. Òógùn àti páúdà wà níwájú orí ọkùnrin náà, Àyọ̀ká sì rò ó lọ́kàn pé bí òun bá kú báyìí, kò burú.

Alága òbúkọ ti dé. Ó sún ẹnu mọ́ etí Àyọ̀ká.

"Jẹ́ kí a jẹ ẹ́. Bí a bá jẹ lẹ́tà, a máa jẹ orúkọ tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn. Títí ayé, ìwọ nìkan ni yóò ní orin yìí."

Ọ̀ọ́dúnrún pẹ́ńsù na ọrùn. Àyọ̀ká wo òbúkọ, ó wo ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ Ìṣọ̀lá. "Ẹ ṣé, sà," ló sọ fún òbúkọ, "mi ò fẹ́ dá a ní." Ó ti èékánná bọ abẹ́ bébà. Ìyá rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n rin lábẹ́ abíyá. Ìṣọ̀lá na ọwọ́.

"Tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́."

Àyọ̀ká lajú. Ọkùnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò nínú bọ́ọ̀sì dúró tì í, irùngbọ̀n kékeré kan wà ní àgbọ̀n rẹ̀, ó fi eyín há tíkẹ́ẹ̀tì ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń wá kálàmù nínú àpò. Àyọ̀ká fún un ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó fi sẹ́nu.

Báàgì ló kọ́kọ́ tú. Kò sí lẹ́tà. Ó ṣí àpótí, ó fa àwo náà yọ. Gọ́ọ̀mù ti mú kí tádáwà là jáde lójú bébà funfun, ọ̀rọ̀ sì hàn níbẹ̀ lódìlódì bí ìgbà téèyàn ń wò ó nínú dígí. Ìlà mẹ́fà ni. Ó fi èékánná gbìyànjú etí rẹ̀. Bébà fẹ́ ya, ó yára jáwọ́.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tó lu orin náà ní gbọ̀ngàn. Àwọn èèyàn pariwo, páúdà gba afẹ́fẹ́, ẹnì kan ta òkìtì sẹ́yìn. Bó ṣe ń parí lọ báyìí, Ìṣọ̀lá ti dúró níwájú tábìlì, ìwé pélébé lọ́wọ́, ẹ̀rín lójú.

"Ẹ jọ̀ọ́, kí lorúkọ orin yẹn gan-an?"

Àwọn díjéè méjì tó wà lẹ́yìn Àyọ̀ká fà á láṣọ. Ẹnì kan sọ sí i létí pé bó bá sọ ọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni gbogbo ayé máa ní in. Àyọ̀ká mú àwo náà kúrò lórí ẹ̀rọ, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ahọ́n rẹ̀ gbéra lónìí, bó ṣe ń na àwo náà sí Ìṣọ̀lá.

"Orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ bébà yẹn. Bébà náà, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Ooru omi gbígbóná ni kẹ́ ẹ fi ṣí i, kó má baà ya."

Ìṣọ̀lá tẹjú mọ́ àárín àwo náà. Ó rí orúkọ ara rẹ̀ lódìlódì. Ó ti ìwé pélébé bọ àpò láìkọ nǹkan kan, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba lẹ́tà rẹ̀.