Sípíkà Pẹlẹbẹ Méjì

Láti ìgbà tí dókítà ti yọ kókó kúrò lọ́nà ọ̀fun ìyàwó Télọ̀ ni ohùn tó fi ń kọrin ti bá a lọ. Ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló kù sí i lẹ́nu, ìyẹn náà sì ń lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí kókó ọ̀hún tún ti hù padà. Ọ̀rọ̀ náà tojú sú Télọ̀. Ló bá lọ ra sípíkà méjì tó ga dé èjìká, tó pẹlẹbẹ bí ilẹ̀kùn, kí obìnrin náà lè gbọ́ orin ara rẹ̀ dáadáa nínú kásẹ́ẹ̀tì tó ṣe kí àìsàn tó dé.

Ampilifáyà ilé, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára, kò gbé e. Kò pẹ́ tó fi gbóná janjan, ló bá dákẹ́ wẹ́lo.

Ọ̀gá Wáyà, tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò, yẹ sípíkà náà wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, alájẹkì lẹ gbà lálejò! Èyí kì í ṣe sípíkà tí wọ́n fi bébà ṣe awọ inú ẹ̀ o. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ́ wáyà sí lára ló wà nínú ẹ̀, òòfà ló tò sẹ́yìn yẹn. Iná ló ń mu bí omi. Ampilifáyà aláriwo lásán ò lè bọ́ ọ yó. Èyí tí wọ́n á bu iná lọ́wọ́ ẹ̀ tí ò ní máa mí hẹlẹhẹlẹ la máa wá."

Wọ́n gbé ọ̀kan wá, ohùn ń fọ́. Wọ́n gbé òmíràn wá, ìyẹn mọ́, ṣùgbọ́n kò lókun. Ìyàwó Télọ̀ ń wò wọ́n láti orí àga, ó ń rù sí i. Ampilifáyà tó wá bá sípíkà náà mu wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ohùn jáde, ó mọ́ gaara, àfi bíi pé obìnrin náà dìde dúró láàárín yàrá. Wọ́n ń gbọ́ èémí rẹ̀, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń la ètè. Ọ̀gá Wáyà pàtẹ́wọ́. Télọ̀ wo ojú ìyàwó rẹ̀, kò rí ẹ̀rín níbẹ̀.

"Ẹ dá a padà díẹ̀," obìnrin náà sọ wúyẹ́wúyẹ́.

Wọ́n dá a padà. Níbi tí orin ti ń gòkè, nǹkan kan ń ha lábẹ́ ohùn náà, bí iyanrìn lábẹ́ bàtà.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ti wà níbẹ̀ nígbà yẹn."

Télọ̀ gbọ́ ọ. Nínú rédíò kékeré tí wọ́n ti ń gbọ́ orin náà látọjọ́ yìí, kò hàn rárá. Ká ní ó hàn ni, bóyá dókítà ì bá bá kókó náà níbi tó ti kéré bí hóró àgbàdo. Ẹ̀pa kò bóró mọ́.

"Ẹ má bínú," Ọ̀gá Wáyà ní, bí ẹni pé òun ló fi í síbẹ̀. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó yọ́ jáde.

"Ṣé kí n pa orin náà?" Télọ̀ béèrè.

Ìyàwó rẹ̀ mi orí pé rárá. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní kó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Télọ̀ dá a padà, ó jókòó sílẹ̀, ó di ọrùn ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ mú. Oníbàárà kan ń kanlẹ̀kùn níta, ó ń béèrè ṣòkòtò rẹ̀. Télọ̀ kò fi ọrùn ẹsẹ̀ náà sílẹ̀.