Àwọ̀n Tí Òkun Gbé Wá

Okùn irin náà já, ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí Delma bí ejò tí inú ń bí. Delma dojú bolẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, àwọ̀n ńlá náà ṣì wà níbi tó wà, ìdajì nínú iyanrìn, ìdajì nínú omi, òkun sì ti ń kún bọ̀.

"Ṣé orí ẹ ṣì wà lọ́rùn?" Clarrie, àbúrò bàbá rẹ̀, ló bèèrè láti ẹ̀yìn ọkọ̀ tí wọ́n fi ń wọ́ àwọ̀n náà gòkè iyanrìn.

"Ó wà, Bàbá. Okùn ni kò sí mọ́."

Clarrie ló ti ń darí àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun tipẹ́. Òní ni Delma kọ́kọ́ ṣe olórí. Bí òkun bá gba àwọ̀n yìí padà, yóò máa pa ẹran omi kiri láìní apẹja. Ọkọ̀ ojú omi kan ló jù ú nù lọ́nà jíjìn, tó fi wá gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ baba wọn ní àríwá Ọsirélíà. Àlejò tó já wọlé láìkanlẹ̀kùn, ńṣe là ń sìn ín jáde.

"Ẹ mú ọ̀bẹ," ni Delma wí lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ wo ojú Clarrie. "A ó gé e, a ó máa gbé e díẹ̀díẹ̀."

Ẹnì kan gun orí ọkọ̀ lọ ṣọ́ ọ̀nì. Àwọn yòókù wọ omi dé itan. Bí Delma ti ń gé e lọ, nǹkan kan mí nínú àwọ̀n. Ìjàpá òkun ni, okùn ti jẹ wọ ọrùn rẹ̀.

"Ọbẹ̀ alẹ́ ti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá," ọ̀kan nínú wọn wí. Kò purọ́, ẹran ìjàpá ni wọ́n jẹ dàgbà.

"Ṣé ọ̀kọ̀ tí a jù ló mú un?" ni Delma bi í. "Èyí tí a bá fọwọ́ ara wa ṣọdẹ là ń jẹ."

Clarrie kúnlẹ̀, ó di ìkarahun náà mú. "Rọra gé e, ọmọ mi. Ọrùn ló wà níbẹ̀ yẹn."

Okùn já. Ìjàpá náà dúró díẹ̀, bí ẹni tí kò gbà á gbọ́, kó tó wọ́ ara rẹ̀ lọ sínú ibú.

Kí oòrùn tó wọ̀, àwọ̀n ti di òkìtì lókè iyanrìn, níbi tí òkun kò lè dé. Àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wọn ti bó. Clarrie nawọ́ sí nǹkan dúdú kan tó ń léfòó lọ́nà jíjìn.

"Àbí òmíràn nìyẹn?"

"Ó lè jẹ́ koríko òkun."

"Bí kì í bá ṣe koríko ńkọ́?"

"Á bá wa nílé, Bàbá."

Ìgbà tí Delma sọ ọ́ tán ló tó ṣàkíyèsí pé òun kò kọ́kọ́ wo ojú Clarrie kí òun tó dáhùn.